Orúkọ Tí Ìyá Láyí Kò Pè

Wọ́n ní Ìyá Láyí ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn lórí fóònù. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ti dé inú ẹgbẹ́ ọ̀hún, wọ́n á kọ́kọ́ gba orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n á wá fún un ní nọ́ńbà bí ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń pàdé, pé wọn kì í pe ara wọn ní "sà" tàbí "mà", àti pé Ìyá Láyí gan-an ni ìyá ẹgbẹ́. Ká má purọ́, a gbà á gbọ́ díẹ̀. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn kiri Ring Road láàárọ̀ kùtùkùtù, tó ń dúró wo ọwọ́ ẹni tó ń rán bàtà bí ẹni wo ọmọ tuntun, kí lẹ fẹ́ ká rò?

Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ẹnu Ìyá Láyí fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, nínú ilé Ọlọ́run, lórí ìkúnlẹ̀.

Fèyísọ́lá Ògúntúndé ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìrìbọmi. Ará Ìdànrè ni. Ọkọ ló gbé e wá sí Ìbàdàn. Ọkọ kú, Ìbàdàn ò kú, ó bá jókòó síbẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì nílé ìwòsàn ìjọba kan. Kò sí àrùn tí ará àdúgbò ní tí kò kọjá lábẹ́ ìka rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, yóò bá àwọn tó ni káàdì wọ̀nyẹn pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, yóò rẹ́rìn-ín, yóò béèrè àlàáfíà wọn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé, "Káàdì tí mo bá ti kà, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ ń wọ sàréè."

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Láyí àkọ́bí rẹ̀ fún un ní kámẹ́rà àlòkù kan kó má baà máa fi ojoojúmọ́ to àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ ènìyàn ló mú un lọ́kàn jù láti máa yà: ọwọ́ télọ̀ ní Challenge, ọwọ́ oníwèé ìròyìn ní Dùgbẹ̀, ọwọ́ ìyàwó tuntun tó ń ṣa ẹ̀wà ní Bódìjà. Ṣùgbọ́n kó tó ya ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ kí i, kó béèrè ọmọ, kó béèrè ara, kó wá tọrọ àyè. Ìgbà tó bá fi máa gbé kámẹ́rà sójú, oòrùn tó fẹ́ fi yà á ti lọ sílé.

Láyí ló dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fẹnu bà jẹ́ yẹn sílẹ̀. "Ojú Ìbàdàn" ni wọ́n ń pè é, àwọn tó fẹ́ràn fọ́tò yíyà ló wà níbẹ̀, wọn kì í fi ṣiṣẹ́ jẹun. Orí áàpù kan tó máa ń bo nọ́ńbà fóònù ẹni ni wọ́n ti ń pàdé. Gbogbo Sátidé, kálukú á fi àwòrán kan síbẹ̀, àwọn yòókù á sọ ibi tó dára àti ibi tó kù sí. Ìdí tí wọ́n fi sin orúkọ mọ́lẹ̀ kò le rárá. Nílùú yìí, ta ló máa sọ fún àgbà pé àwòrán rẹ̀ ò dára? Ọ̀gá lè ya ènìyàn kó gé orí ẹ̀ dànù, "Ẹ kú iṣẹ́ sà, ọpọlọ yín ò ní jóná" la máa kọ sí i. Láyí ní kí wọ́n kúkú jẹ́ nọ́ńbà. Nígbà tí kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ju òun lọ, "ẹ" ni gbogbo wọn ń pe ara wọn, ọmọ ogún ọdún àti bàbá àádọ́rin.

Nígbà tí iṣẹ́ gbé Láyí lọ sí Àbújá, ó fa ẹgbẹ́ náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ lè pa ẹnu mọ́." Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Akọ̀wé. Akọ̀wé nìkan ni ẹni tó bá fẹ́ wọlé máa fi orúkọ gidi ránṣẹ́ sí, kí ẹnì kan lè mọ̀ bí jàǹdùkú bá wọ àárín wọn. Ìyá Láyí kò gbẹ́kẹ̀ lé fóònù, nǹkan tó lè já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Inú ìwé àdúrà rẹ̀ ló kọ gbogbo wọn sí, nọ́ńbà lápá kan, orúkọ lápá kejì, ohun tí kálukú ń tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run nísàlẹ̀. Àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní aago márùn-ún ìdájí, yóò kà wọ́n fún Olúwa lọ́kọ̀ọ̀kan, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nọ́ńbà kẹrin fi àwòrán kan síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wò bóyá wọ́n ṣì wà láàyè, lápá Dùgbẹ̀, ló ti yà á. Màmá àgbàlagbà kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, fáìlì wà lórí itan rẹ̀, oorun ti gbé e lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, gèlè ti yẹ̀ kúrò lórí ewú. Nọ́ńbà kẹrin kọ "Ojú Òṣì" sísàlẹ̀ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà dára. Ká sọ tòótọ́, ó dára púpọ̀.

Àwọn kan ti ń yìn ín nígbà tí nọ́ńbà kọkàndínlógún kọ tirẹ̀: "Ìmọ́lẹ̀ yìí dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwòrán yìí kò kí màmá yìí kó tó yà á, kò sì dúró kí i nígbà tó jí. Ó hàn nínú àwòrán. Bó bá jẹ́ ìyá yín ni, ẹ ò bá ti bá a tún gèlè ṣe."

Nígbà tó yá, nọ́ńbà keje kọ "Òótọ́ ni." Nọ́ńbà kejìlá kọ "Òótọ́ ni." Kí ilẹ̀ tó ṣú, "Òótọ́ ni" ti pé mẹ́rìnlá, nọ́ńbà kẹrin sì ti yọ àwòrán rẹ̀ kúrò. Kò sẹ́ni tó bú u. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ Yorùbá pé kò kí àgbà, ẹ wò ó bóyá òun nìkan lẹ bú. Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i.

Ìyá Láyí mọ̀ pé Wọ́ọ̀dìn ìjọ àwọn gan-an, Ọ̀gbẹ́ni Akínlolú Olúgbádé, ni nọ́ńbà kẹrin. Ó mọ̀ pé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ràfátù ni nọ́ńbà kọkàndínlógún, pé ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, pé ó ti ń retí ìgbéga láti ọdún mẹ́fà. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò mọ̀: pé Wọ́ọ̀dìn ni ọ̀gá Ràfátù. Wọn kì í kọ ibi iṣẹ́ sínú ìwé náà.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ní ìpàdé àdúrà, wọ́n béèrè ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀. Ìyá Láyí gbójú wo iwájú, kò rí Wọ́ọ̀dìn. Wọ́ọ̀dìn kì í sì í wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ó bá la ẹnu rẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé ọmọ kan dé iwájú ìtẹ́. Mi ò ní darúkọ ẹ̀. Nọ́ńbà kọkàndínlógún ni mò ń pè é nínú ìwé àdúrà mi. Ìwé ìgbéga ẹ̀ wà lórí tábìlì ọ̀gá ẹ̀, ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa fọwọ́ sí i. Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀tá bá a níbẹ̀."

Wọ́n ṣàmín kíkankíkan. Lójú tirẹ̀, ó ti gbọ́n: ó gbàdúrà, kò sì pe orúkọ. Káàdì ò jò fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, àdúrà ló wá jò. Nítorí pé lọ́jọ́ náà, ọgbẹ́ ọkàn ti gbé Wọ́ọ̀dìn wá sípàdé. Ó pẹ́ dé, ó jókòó sẹ́yìn, nígbà tí gbogbo ìjọ di ojú láti ṣàmín, òun la tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn Ìyá Láyí.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó. Kí n bù yín lómi."

"Ẹ ṣeun, Ìyá Láyí. Àbí kí n máa pè yín ní Akọ̀wé?"

Ife omi dúró lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìdáná àti pálọ̀.

"Mi ò bínú o," ni Wọ́ọ̀dìn wí.

Ẹni tí kò bínú kì í kéde rẹ̀, Ìyá Láyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé omi kalẹ̀.

"Lóṣù tó kọjá, nọ́ńbà kọkàndínlógún fi àwòrán àkàbà kan síbẹ̀. Wọ́n sá àgbàdo sórí ọwọ́ àkàbà. Àkàbà ọ́fíìsì mi nìyẹn, Ìyá Láyí. Àgbàdo awakọ̀ mi nìyẹn. Lánàá, ẹ̀yin fẹnu ara yín sọ pé ìgbéga ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹni márùn-ún ni ìwé wọn wà lórí tábìlì mi. Ọ̀kan nínú wọn ni. Ẹ sáà ti pe orúkọ kan fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?"

"Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ó là mí lójú."

"Ẹ kọ ọpẹ́ ọ̀hún síbi tí ẹ ti ka ọ̀rọ̀ ẹ̀. Á rí i."

Wọ́ọ̀dìn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan nínú àwọn tí mò ń bọ́ ló sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ìlú sì ní òótọ́ ni. Bí mi ò bá mọ ẹni náà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ fọwọ́ sí ti ẹni márùn-ún? Ká dúró ná. Ọdún tó ń bọ̀ náà, ọdún ni."

Ó jáde láì mu omi. Ìyá Láyí wo ife náà títí. Àṣìṣe òun ni. Ó gbé e mu fúnra rẹ̀, ó pe Láyí ní Àbújá.

"Mọ́mì, ọ̀rọ̀ tó rọrùn nìyí," ni Láyí wí. "Ẹ ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Kí ló máa fi yín ṣe? Kò lè dá ìgbéga yín dúró, ẹ ti fẹ̀yìn tì."

"Irọ́ nìyẹn, Láyí."

"Ráhábù ńkọ́? Ṣebí ó purọ́ láti bo àwọn amí, Ọlọ́run sì kà á sí olódodo."

"Ráhábù ò tíì gba ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù lórí nígbà yẹn. Èmi ti gbà á. Sùn dáadáa, kó o sì rántí ka Bíbélì síwájú ibẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ṣíwọ́, ó wọ márúwá lọ sí Agbowó, sí ojúlé tí Ràfátù júwe fún un. Kò tíì rí Ràfátù rí lójúkojú. Orí áàpù nìkan ni wọ́n ti ń kọ̀wé síra wọn. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wé ìborí aláwọ̀ búlúù ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ kékeré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Ìyá Láyí ní òun ni Akọ̀wé, Ràfátù kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin ni Akọ̀wé? Háà! Mo rò pé ọkùnrin ni yín, mà. Ọ̀rọ̀ yín máa ń le."

"Dìde, ọmọ mi. Èmi ló yẹ kó kúnlẹ̀. Mo ṣẹ̀ ọ́." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, orúkọ nọ́ńbà kẹrin nìkan ni kò pè: ìpàdé àdúrà, àkàbà, ẹni márùn-ún.

Ràfátù jókòó sórí ibùsùn. "Ọ̀gá wa ló ya fọ́tò yẹn? Yà Allah. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé..." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yí padà, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ pe orúkọ mi fún un, mà. Ìyá Ikhlas wà lára àwọn mẹ́rin yòókù, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi tèmi jìyà."

"Ohun tó o kọ yẹn, ṣé irọ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o fẹ́ kí n pe orúkọ ẹ ni, àbí ẹ̀rù ló ń bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ni, mà."

"Ẹ̀rù kì í rán mi níṣẹ́," ni Ìyá Láyí wí. "Fi sílẹ̀ fún mi. Èmi ni mo tú u, èmi ni mo máa dì í."

Nínú márúwá tó ń gbé e padà ló ti rò ó pé nínú gbogbo ariwo yìí, ọkùnrin kan ń wá orúkọ ẹni tó bá a wí, kò sì sẹ́ni tó béèrè orúkọ ìyá tí wọ́n ya. Òun náà ò béèrè. Ìyẹn dùn ún ju ti Ọjọ́rú lọ.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lòun náà. Ó mọ àwọn tó máa ń tò sórí bẹ́ǹṣì wọ̀nyẹn. Ó pe ẹni mẹ́rin lórí fóònù, ó ṣàpèjúwe gèlè, ó ṣàpèjúwe fáìlì tí wọ́n fi okùn bàtà dì. Ẹni kẹrin ní, "Tíṣà Àpínkẹ́ ni, ní Òkè-Àdó." Ní àárọ̀ Sátidé, ó ra ọsàn, ó lọ.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Tíṣà Àpínkẹ́, jọ́gíráfì ló fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ. Máàpù àgbáyé kan ṣì wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ìyá Láyí kí i, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, kó tó wá sọ ohun tó gbé e wá. Kò fi ibì kankan pamọ́ àyàfi orúkọ.

"Ṣé mo rẹwà nínú ẹ̀?" ni Tíṣà béèrè.

"Ẹ ń sùn, mà. Ẹnu yín là sílẹ̀."

"Ó yẹ kó là. Ọjọ́ kẹta tí mo lọ síbẹ̀ nìyẹn, wọ́n ní fáìlì mi ò tíì dé, pé kí n mú ẹ̀rí wá pé mi ò tíì kú. Èmi, mo jókòó síwájú wọn!" Ó bó ọsàn, ó fún Ìyá Láyí ní ìlàjì. "Kí ló kọ sábẹ́ ẹ̀?"

Ìyá Láyí sọ ọ́ fún un. Tíṣà nu omi ọsàn kúrò lọ́wọ́.

"Ẹ sọ fún un pé mo ti jí. Kó wá. Kó wá kí mi, kó wá yà mí níbi tí mo jókòó yìí, lábẹ́ máàpù mi. Lẹ́yìn náà, kó kọ ohun tó bá wù ú." Ó fi lẹ́tà gbọọrọ bíi ti pátákó ìkọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Fíkà, àlùfáà ìjọ wọn, ránṣẹ́ pe Ìyá Láyí sí yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń múra. Fíkà Olúṣẹ̀yẹ kò tíì pé ogójì ọdún. Kò sóhun tó wù ú tó kí ẹni méjì tó ń jà dì mọ́ra níwájú òun. Wọ́ọ̀dìn ti jókòó síbẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà.

"Ìyá wa," ni Fíkà wí, "ọ̀rọ̀ yìí kéré. Ẹ pe orúkọ ọmọ náà, ká ránṣẹ́ sí i, ká gbàdúrà, kó parí síbí."

"Ọmọ náà ò sí nínú ìjọ yìí, sà."

"Wọ́n ní inú ìwé àdúrà yín ni orúkọ wọn wà. Ìwé tí a fi ń gbàdúrà, ṣebí ti ìjọ náà ni?"

"Ti èmi àti Ọlọ́run ni, sà. Mi ò lè fi yá yín láì béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì mi."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Fíkà, ó wú ikọ́ bò ó. Wọ́ọ̀dìn tú apá rẹ̀ ká.

"Ẹ gbọ́, Fíkà? Ṣé ẹ rí ìgbéraga? Ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń bo ojú bú àgbà! Bí ọ̀rọ̀ ẹni bá mọ́, kí ló dé tó fi ń sá pamọ́?"

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, sà," ni Ìyá Láyí fi pẹ̀lẹ́tù sọ. "Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún Fíkà: ọdún kan àbọ̀ lẹ fi jẹ́ nọ́ńbà kẹrin. Nígbà tí ẹ sọ fún nọ́ńbà kẹsàn-án pé àwòrán ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń gbọ̀n, ẹ pe orúkọ yín?"

"Ìyẹn yàtọ̀!"

"Nọ́ńbà kẹrin náà wà nínú ìwé mi. Àràárọ̀ ni mò ń gbàdúrà fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè orúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò ní sọ. Òfin kan náà ló bò yín mọ́lẹ̀ tó bo ọmọ yẹn."

"Ó dáa. Mi ò ní fọwọ́ sí i lọ́la. Ti ẹni márààrún."

Fíkà gbójú sókè. "Wọ́ọ̀dìn, ẹ ò sọ ìyẹn fún mi tẹ́lẹ̀."

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé fáìlì," ni Ìyá Láyí wí. "Ìwé tí ọ̀gá bá dá dúró, ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí ẹ̀ sí i, kó fọwọ́ sí i, kó kọ déètì. Kí lẹ máa kọ, sà? Pé ẹnì kan sọ pé ẹ ò kí ìyá arúgbó, ẹ ò sì mọ ẹni náà, ẹ bá dá ẹni márùn-ún dúró? Ẹ kọ ọ́ báyìí. Fíkà ti gbọ́ ọ, èmi náà ti gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá bi wá, a ò ní purọ́."

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ń ti àga sẹ́yìn.

"Àṣìṣe èmi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," ni Ìyá Láyí tún wí. "Mo jẹ́bi, mo ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?" Ó ṣí àpò rẹ̀. Ojú Wọ́ọ̀dìn bá ọwọ́ rẹ̀ wọ inú àpò lọ, ó rò pé ìwé àdúrà ló ń bọ̀. Ìwé pélébé ni. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. "Orúkọ tí ẹ ń wá nìyí."

Wọ́ọ̀dìn gbé e kíákíá, ó kà á. "Ta ni Àpínkẹ́? Kò sí Àpínkẹ́ kankan ní ọ́fíìsì mi."

"Ìyá inú àwòrán yín ni. Tíṣà ni, Òkè-Àdó ló ń gbé. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti jí. Ó ní kí ẹ wá kí òun."

Ojú Wọ́ọ̀dìn pọ́n. "Ẹ lọ gbé ọ̀rọ̀ mi tọ... Ta ló rán yín níṣẹ́? Mo ní ẹ mú orúkọ ẹni tó bú mi wá, ẹ lọ ń..."

"Ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀," ni Fíkà wí. "Ìyá wa, ẹ jókòó. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká tún..."

Ìyá Láyí ti dìde. Ó ti àpò bọ abíyá, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"A ò tíì parí ọ̀rọ̀!" Wọ́ọ̀dìn fi ìka kan tábìlì. "Ìyá Láyí! Mò ń bá yín sọ̀rọ̀!"

"Ẹ máa sọ ọ́, sà. Fíkà wà níbẹ̀. Mo ṣèlérí fún Tíṣà pé mo máa padà lọ ya ọwọ́ ẹ̀ lónìí, kí oòrùn tó kúrò lójú fèrèsé ẹ̀."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ọmọ kékeré kan dìde sí, tí gbogbo ayé sì..."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyókù.